Láísẹ́ǹsì fún ẹni tó ń pẹja fàájì lókun: ṣé ó yẹ àbí kò yẹ? Ẹ jẹ́ ká tú u wò

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dájà sílẹ̀ gan-an láàárín àwọn tó ń pẹja fàájì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo ò tíì mọ ohun tí òfin tó wà nílẹ̀ báyìí sọ. Wàá rí ẹnì kan lórí afárá etíkun, á máa sọ fún ẹ pé òun ti ra láísẹ́ǹsì tòun ọdún yìí o, kò sẹ́ni tó lè mú òun, bẹ́ẹ̀ mackerel ló wá pa, Titus lásán tí ẹnikẹ́ni ò béèrè láísẹ́ǹsì lórí ẹ̀. Wàá tún rí ẹlòmíì níbi tí odò ti ń wọ òkun, kò ra nǹkan kan, tó o bá bi í á ní "ṣé kì í ṣe omi iyọ̀ lèyí ni? Ọ̀fẹ́ lomi iyọ̀ jàre", bẹ́ẹ̀ sea trout ló ń wá, ẹja tí òfin ní kó gba láísẹ́ǹsì fún kó tó ju ìwọ̀ sómi rárá. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Torí náà ká tó máa jiyàn pé ṣé ó yẹ kí ìjọba gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń pẹja lókun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan wà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ẹja ni láísẹ́ǹsì yẹn ń tẹ̀ lé, kì í ṣe omi. Ẹ mú gbólóhùn yẹn dání, torí òun ló máa tú ìdajì wàhálà yìí. Salmon, trout (sea trout wà nínú ẹ̀), àwọn ẹja odò àti adágún, eel, àti ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní smelt, àwọn yẹn lẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá àti okùn pa gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì fún. Ọmọ tí kò tíì pé 13 ò nílò ẹ̀, àwọn 13 sí 16 á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, àgbàlagbà á sanwó, ẹni tí wọ́n bá sì ká mọ́ etí omi láìní in lè san owó ìtanràn tó tó £2,500. Bass, cod, mackerel, àwọn ẹja pẹlẹbẹ tó ń sùn sínú iyanrìn bíi flounder àti plaice, ìyẹn ò sí nínú ẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí èèyàn méjì fi lè dúró lẹ́nu odò kan náà, kí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì rì sínú ẹrẹ̀ kan náà, kí ọ̀kan nílò láísẹ́ǹsì kí èkejì má nílò ẹ̀. Èyí tó so ekòló inú iyanrìn mọ́ ìwọ̀ ẹ̀, tó fi òjé rì í sísàlẹ̀, tó ń dúró de flounder, kó fọkàn balẹ̀. Èyí tó ń ju ìdẹ onírin tó ń dán yinrinyinrin, tó ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí sea trout, kó lọ ra tiẹ̀ kí wọ́n tó dé bá a.

Ohun kejì tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé láísẹ́ǹsì ló ń fúnni láṣẹ láti pẹja. Rárá o. Nínú odò, tó o bá ti ra láísẹ́ǹsì, o ṣì máa lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò yẹn tàbí ẹgbẹ́ tó gbà á, owó tìyẹn sì lè ju owó láísẹ́ǹsì lọ dáadáa. Òkun ò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí omi òkun bá ń kún dé tó sì ń fà padà, ẹ̀tọ́ gbogbo ará ìlú ni láti pẹja níbẹ̀, ẹ̀tọ́ àtijọ́ ni, àwọn míì á ní láti ìgbà Magna Carta ni, ìwé ẹ̀tọ́ àtijọ́ tí wọ́n ṣe nígbà Ọba John ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1215. Bàbá kan wà tá a máa ń pàdé lórí afárá, tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì sílẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé "Ọba John ti buwọ́ lù ú fún mi!" (Ọba John ò buwọ́ lu nǹkan kan, èdìdì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ èmi ò ní tìtorí ìyẹn bá àgbàlagbà jà nínú òtútù.) Ibi tí bàbá ti ṣì í ṣá ni pé ẹ̀tọ́ ará ìlú ò ní kí ilé aṣòfin má ṣòfin lé e lórí. Ọ̀nà mọ́tò náà, ti gbogbo wa ni, a ṣì ń gba láísẹ́ǹsì ká tó wa mọ́tò níbẹ̀. Ní Scotland, ìyàlẹ́nu tún ni tibẹ̀, kò sí láísẹ́ǹsì ìjọba fún ọ̀pá ìpẹja kankan, inú odò o, inú òkun o (àfi odò Border Esk tó wà lẹ́bàá ààlà), àmọ́ ẹ̀tọ́ láti pa salmon ní ẹni tó ni ín, títí kan èyí tó wà létíkun, o ò kàn lè lọ pa á nítorí pé omi iyọ̀ ló wà.

Ẹ̀kẹta tún wá burú jù, òun ni ti àwọn tó gbọ́ pé kò sí láísẹ́ǹsì, tí wọ́n wá rò pé kò sófin. Òfin pọ̀ lókun! Ẹ wo bass nìkan. Nígbà tí bass ń dín kù, ní 2015 wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹni tó ń pẹja fàájì má mú ju mẹ́ta lọ lóòjọ́, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn wọ́n gbé gígùn tó kéré jù tó o lè mú lọ sílé láti 36 cm sí 42 cm, nígbà tó fi máa di 2018 ó ti di pé fún oṣù tó pọ̀ nínú ọdún, tó o bá mú un, o máa dá a padà sómi ni, ẹyọ kan péré ni wọ́n gbà láàyè ní ìparí ọdún. Ó ti yí padà lẹ́yìn ìyẹn, á sì tún yí, ẹni tó bá fẹ́ lọ pẹja lọ́la kó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. O ò tún gbọdọ̀ ta ẹja tó o pa níbi fàájì, torí ọkọ̀ tó bá máa pẹja tà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tiẹ̀. Àwọn àjọ tó ń mójú tó etíkun lágbègbè kọ̀ọ̀kan náà tún láṣẹ láti ṣòfin tiwọn. Ìwé àṣẹ gan-an ti wà fún ẹja òkun kan: láti 2024, ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi lépa bluefin tuna nínú òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti gba pámíìtì, tó bá sì mú un, fífi sílẹ̀ ni. Nítorí náà nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé "a ò gbàwé rí lókun, a ò sì ní gbà á", ó ti pẹ́ jù.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Èrò láísẹ́ǹsì yìí kì í ṣe tuntun. Ní 2007 ìjọba UK gbé e sínú ètò tí wọ́n ń ṣe fún òfin òkun tuntun, pé kí àwọn apẹja fàájì lókun máa gba láísẹ́ǹsì olówó. Àwọn èèyàn náà fárí gá. Nígbà tí òfin ọ̀hún fi máa jáde ní 2009, tí wọ́n ń pè ní Marine and Coastal Access Act, láísẹ́ǹsì ti pòórá nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí wọ́n ronú kàn án nígbà yẹn ò tíì lọ, ohun náà sì ni: ta ló mọ iye ẹja tá à ń kó nínú òkun?

Ẹ bá mi wò ó báyìí. Ọjọ́ Sátidé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mackerel ti wọlé sítòsí etíkun, ìdílé kan wà lórí afárá, bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Okùn wọn ní ìwọ̀ mẹ́fà mẹ́fà, ìyẹ́ kékeré funfun ni wọ́n so mọ́ ọn dípò ìdẹ. Wọ́n jù ú sómi, wọ́n kà á dé mẹ́wàá, wọ́n fà á sókè, ẹja mẹ́rin ń jó lórí okùn kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ kékeré ń pariwo, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń kún. Wákàtí kan, ó tán, wọ́n wọ mọ́tò lọ. Kò sẹ́ni tó ka ẹja yẹn. Kò sí ìwé kankan tó ní orúkọ wọn, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè pè wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti bi wọ́n pé "ẹ jọ̀ọ́, mélòó lẹ mú?" Ẹ wá sọ ìyẹn di ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìwádìí kan tí ìjọba ṣe fún ọdún 2012 fojú bù ú pé nǹkan bíi 884,000 èèyàn ló ń pẹja fàájì lókun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, wọ́n sì ná £1.23 bílíọ̀nù sórí ẹ̀ lọ́dún yẹn. Àfojúbù ni o, torí wọ́n ní láti máa lọ bá àwọn èèyàn nínú ilé àti létí omi kí wọ́n tó rí nǹkan kà. Fún ẹja tó pọ̀ lókun, kò burú. Fún ẹja bíi bass tí àwọn apẹja fàájì ń kó ìpín gidi nínú ẹ̀, àwọn onímọ̀ tó ń ṣírò iye tó kù nísàlẹ̀ òkun kàn ń ṣírò pẹ̀lú ojú kan ni.

Amẹ́ríkà ti kojú nǹkan yìí ṣáájú. Nígbà kan, bí wọ́n ṣe ń ka apẹja fàájì ni pé wọ́n á máa tẹ nọ́ńbà fóònù ilé àwọn tó ń gbé nítòsí òkun láìmọ ẹni tí wọ́n ń pè, wọ́n á bi ẹni tó bá gbé e bóyá ó ń pẹja. Púpọ̀ nínú wọn ò mú ìwọ̀ lọ́wọ́ rí láyé wọn. Àwọn onímọ̀ ní ètò yẹn ò dáa, ilé aṣòfin sì yí òfin ẹja ìlú náà padà ní 2006 pé kí wọ́n ní ìwé orúkọ gbogbo àwọn tó ń pẹja lókun, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Ìpínlẹ̀ tó bá ti ní láísẹ́ǹsì òkun tiẹ̀ tó lè fún wọn ní orúkọ, kò sí wàhálà fún un. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York: wọ́n dá láísẹ́ǹsì olówó sílẹ̀ ní 2009, àwọn èèyàn bínú, nígbà tó di 2011 wọ́n pa á tì, wọ́n fi ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ rọ́pò ẹ̀. New Jersey náà, ọ̀fẹ́ ni tiwọn. Ohun tí ìyẹn kọ́ mi nìyí: kíkà èèyàn àti gbígba owó èèyàn, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìgbà tí wọ́n bá sì di wọ́n pọ̀ mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ "láísẹ́ǹsì" ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé ìwé orúkọ nìkan máa yanjú ẹ̀ o. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ tán, wọ́n wá ń fi lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lọ pẹja, ní 2023 àjọ tó ń ṣe é jáde wá sọ pé ìwádìí kékeré kan fi hàn pé bí wọ́n ṣe to ìbéèrè lásán lè ti jẹ́ kí iye ìgbà táwọn èèyàn ń lọ pẹja ga ju bó ṣe yẹ lọ ní 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Títo ìbéèrè lásán! Ẹ rò ó wò, apẹja tí wọ́n ti tìlẹ̀kùn mọ́ láàárín ọdún nítorí iye yẹn, báwo ló ṣe máa gbọ́ ìyẹn sétí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Àwọn tó fẹ́ láísẹ́ǹsì olówó, ohun tó dùn mọ́ wọn nínú ni pé ẹni tó bá sanwó ló ń ní ohùn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Owó láísẹ́ǹsì odò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ẹja odò ni wọ́n ń fi ṣe, tí ẹnì kan bá da májèlé sódò, àwọn kan wà tí wọ́n ti sanwó fún kí wọ́n máa bójú tó o. Apẹja òkun, fàájì lásán ni wọ́n kà á sí, àwọn tó ń pẹja tà ló ní láísẹ́ǹsì, àwọn ló ní ìpín ẹja tí wọ́n kọ sílẹ̀, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè tí ìpàdé bá wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1950, Dingell-Johnson, so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra lọ́nà kan tí mo gbádùn: wọ́n ń gba owó orí lára irinṣẹ́ ìpẹja látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún púpọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n wá ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín náà ń tẹ̀ lé iye àwọn tó ra láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ yẹn, ìyókù ń tẹ̀ lé bí ilẹ̀ àti omi wọn ṣe fẹ̀ tó. Ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó ra láísẹ́ǹsì ń fa owó míì wá sí ìpínlẹ̀ ẹ̀.

Àmọ́ èyí tí àwọn alátìlẹ́yìn máa ń tọ́ka sí jù ni New South Wales ní Ọsirélíà. Láti 2001 ni ẹni tó ń pẹja fàájì níbẹ̀, omi iyọ̀ àti omi odò, ti ń san owó kan náà. Owó yẹn ò wọ àpò gbogbogbòò ìjọba, àpò wà fún un lọ́tọ̀ tí òfin dè pé iṣẹ́ ẹja fàájì nìkan ni kí wọ́n fi ṣe. Ohun tí wọ́n fi ṣe ní kíákíá ni pé wọ́n ra ẹ̀tọ́ ìpẹja padà lọ́wọ́ àwọn tó ń pẹja tà ní àwọn ibì kan, ní 2002 ibi 30 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún apẹja fàájì. Wọ́n tún kó kọnkéré ńlá ńlá sísàlẹ̀ òkun kí ẹja lè rílé. Ìyẹn ni nǹkan tí ojú rí, ẹni tó sanwó lè na ìka sí i pé "owó mi nìyẹn". Queensland tó múlé tì wọ́n, wọn ò gba láísẹ́ǹsì fún òkun, wọ́n kàn fi iye àti gígùn ẹja dè wọ́n, ayé ò sì parẹ́ síbẹ̀ náà.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyẹn. Tí ìjọba bá gbé láísẹ́ǹsì olówó wá láìsí àpò tí wọ́n dè lófin, owó orí lásán ni, orúkọ ẹja ni wọ́n kàn fi bò ó. Kò tún síbi tí iṣẹ́ gbígbà á ti rọrùn. Odò ní etí méjì, ó sì lẹ́nu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ kan lè rìn ín. Etíkun wá ńkọ́? Àpáta wà níbẹ̀ tí èèyàn ń gun sísàlẹ̀ lóru, ọkọ̀ kékeré wà tó jáde láàárọ̀ kùtù, àjèjì wà tó wá ṣe ìsinmi ọjọ́ méjì tó ya ọ̀pá kan fún ọmọ ẹ̀. Ìdílé orí afárá yẹn, ṣé ẹni márààrún máa ra láísẹ́ǹsì nítorí wákàtí kan? Àwọn ìlú tó ti ń ṣe é ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbà á: wọ́n yọ àwọn ọmọdé kúrò, wọ́n ní láísẹ́ǹsì ọjọ́ díẹ̀, tàbí kí ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ pẹja gba ẹyọ kan tó kó gbogbo oníbàárà ẹ̀ mọ́ra. Ó ṣeé ṣe. Ó kàn ń náwó ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó tí wọ́n gbà sanwó ẹni tó ń gbà á tán.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ rárá náà, mi ò ní fojú di wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé kì í ṣe ọ̀pá àwọn ló kó ẹja lọ, àwọ̀n ọkọ̀ ńlá ni, kí ló dé tí àwọn á fi sanwó òkun tí ẹlòmíì gbá gbẹ. Ìyẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ kò tọ̀nà fún gbogbo ẹja. Ní 2024, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má pa pollack mọ́ nínú òkun gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń pa á tà, àfi èyí tó bá ṣèèṣì wọ àwọ̀n, bẹ́ẹ̀ apẹja fàájì ò rí òfin kankan lọ́dún yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó mú díẹ̀. Ẹni tó fi ìwọ̀ pa pollack jẹun lójoojúmọ́ jókòó sílé, ó ń wo ẹni tó wá ṣe fàájì. Ó ṣòroó gbè lẹ́yìn fàájì nínú irú ẹjọ́ yẹn.

Tèmi, tí wọ́n bá bi mí, mo fẹ́ orúkọ, mi ò tíì fẹ́ owó. Kí wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lórí fóònù, kí wọ́n máa béèrè ohun tá a mú. Yúróòpù ti ń lọ síbẹ̀ ná: òfin tuntun tí àjọ EU ṣe ní 2023 ní láti oṣù kìíní 2026 kí àwọn tó ń pa àwọn ẹja òkun kan fún fàájì forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ohun tí wọ́n mú ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan tá a bá ti mọ iye wa, tá a ti mọ iye tá à ń kó, ẹni tó bá fẹ́ gbowó kó wá sọ nǹkan tó fẹ́ fi rà fún òkun, kó sì kọ ọ́ sínú òfin kó tó na ọwọ́ rẹ̀ jáde. Bàbá tèmi ti orí afárá, nígbà tí mo sọ ìyẹn fún un, ó wò mí títí, ó fa okùn ẹ̀ wọlé, ó yọ flounder kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ kúrò lẹ́nu ìwọ̀, ó rọra jù ú padà sómi. Ó ní tí wọ́n bá bi òun pé mélòó lòun mú lónìí, òun máa sọ pé òfo.